Ẹ Ṣí Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́ Padà ní Ilẹ̀ Ọ̀kún

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìjùmú, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀nà oko àtijọ́ ni mo sì fẹ́ sọ, àwọn ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ológeere ń gbà láti ìlú kan dé èkejì kí ọ̀dà tó dé, tí igbó ń bò mọ́lẹ̀ báyìí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tí àwa Ọ̀kún ń gbé, ìyẹn Kàbbà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Mùrọ̀, Yàgbà Ìlà-Oòrùn àti Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn, ṣán wọn padà, kí wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan, kí ọkọ̀ àti ọ̀kadà má ṣe débẹ̀.

Bàbá mi ní Raleigh dúdú kan. Kọfí ni owó ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, kẹ̀kẹ́ yẹn ni wọ́n sì fi ń kó o jáde láti oko. Wọn á di àpò mọ́ kárià pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù tó ti gbó, wọn á fi ẹsẹ̀ kan tẹ pẹ́dàlì, wọn á fi èkejì ti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó gun orí ìjókòó. Tí a bá dé ibi tí ilẹ̀ ti ga, wọn á sọ̀ kalẹ̀, èmi á sì máa ti àpò náà láti ẹ̀yìn. Ọ̀nà yẹn kò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì rìn pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti táyà ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le koránkorán, tó ń dán. Ìró ṣéènì àti ohùn àparò nìkan là ń gbọ́ títí a ó fi délé.

Ọ̀nà ọ̀dà ni mo ń gbà báyìí. Ní oṣù Kìíní ọdún tó kọjá, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ kí àbúrò mi, ọkọ̀ àjàgbé kan sì fọn fèrè lẹ́yìn mi láìdẹ eré. Etí ọ̀dà ibẹ̀ ti jẹ, ó sì jìn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí mo ṣe yà fún un, táyà iwájú já sínú kòtò náà, mo sì dojú bolẹ̀. Awakọ̀ náà kò dúró. Rímù mi lọ́ bí ewé tí iná rà, nígbà tí mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́jà, ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti gbé rímù wá fún òun gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí ju orúnkún mi tó bó lọ. Kò sí ìyá tó máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn wí.

Ní ìlú òyìnbó, àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń rìnrìn àjò ìgbádùn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n á so àpò ẹrù mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì táyà ẹ̀yìn, tí wọ́n á máa sun ìletò kan mọ́ òmíràn. Ọ̀nà tí ọkọ̀ kò gbà ni wọ́n ń wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1979 sí 1986, wọ́n sọ ojú irin tí rélùwéè ti pa tì láàárín Bristol àti Bath di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gùn tó kìlómítà 21. Ní Sípéènì, ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Vías Verdes, àpapọ̀ rẹ̀ sì ti ju 3,000 kìlómítà lọ báyìí. Ìdí tí wọ́n fi mú ojú irin ni pé ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè tó ga ṣánṣán, nítorí náà àwọn tó la ọ̀nà rẹ̀ ti yí òkè ká tàbí kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ti ṣe afárá sórí odò. Arúgbó lè gùn ún, ọmọdé náà lè gùn ún, láìmí gúlegúle. Ní Sípéènì, àwọn ibùdókọ̀ àtijọ́ kan ti di ilé oúnjẹ àti ilé àlejò, owó sì ń wọlé fún àwọn abúlé tí ọkọ̀ ojú irin ti fi sílẹ̀ lọ.

Kò sí ojú irin tí a pa tì ní ìhà tiwa. Rélùwéè Ìtakpẹ̀ kò yà sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé àpò kọfí sórí kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń sá fún òkè ni òun náà ń sá fún un. Ẹ wo bí àpáta ṣe pọ̀ tó láti Ògìdì títí dé ilẹ̀ Yàgbà. Àwọn bàbá wa kò gbé ẹrù gun orí àpáta wọ̀nyí, ẹsẹ̀ àpáta ni wọ́n ń gbà, lábẹ́ igi, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń san owó ńlá fún ẹnjinníà láti ṣe, ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ti ṣe é fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò níláti sọnù níbẹ̀. Ní Limburg, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ẹnjinníà ìwakùsà kan tó ń jẹ́ Hugo Bollen ló dábàá pé kí wọ́n fi nọ́ńbà sí gbogbo oríta ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kí arìnrìn-àjò kọ nọ́ńbà tó fẹ́ gbà sórí ìwé, kó sì máa tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Nẹ́dálándì náà ti ń lò ó. Èyí wù mí púpọ̀, nítorí pé ìyá àgbà tí kò ka ìwé kankan rí mọ nọ́ńbà tó wà lára náírà. Òpó igi kan àti ọ̀dà funfun díẹ̀ ti tó fún oríta kan.

Omi ni ọ̀tá ọ̀nà erùpẹ̀. Bí omi òjò bá ti rí ojú ipa táyà tí yóò tẹ̀ lé sọ̀ kalẹ̀, yóò gbẹ́ ẹ di kòtò láàárín ọdún kan. Bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń dábùú ìtì igi sí ojú ọ̀nà, wọ́n á sì rì í mọ́lẹ̀ kí orí rẹ̀ nìkan yọ, kí omi lè yà sínú igbó. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù Kọkànlá, wọ́n á wo èyí tí ikán ti jẹ, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti ọ̀kadà, òpó méjì kò lè dá a dúró, torí pé ibi tí kẹ̀kẹ́ bá gbà, òun náà yóò gbà á. Ohun tí mo rò pé yóò ṣiṣẹ́ ni kí a dábùú igi tó ga dé orúnkún sí ẹnu ọ̀nà. Oníkẹ̀kẹ́ á gbé tirẹ̀ kọjá. Ọ̀kadà wúwo jù bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ nìyí. Kí wọ́n ṣí Òfin Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 1999 wò ní Àfikún Kẹrin, níbi tó ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: wọ́n á rí ọ̀nà ṣíṣe àti títọ́jú níbẹ̀, wọ́n á sì rí fífún kẹ̀kẹ́ ológeere ní láísẹ́ǹsì, tí a dárúkọ kẹ̀kẹ́ gan-an pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Mo bẹ ẹ̀yin alága wa, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àdá àti òpó igi.

Mo mọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn ọ̀pọ̀ òǹkàwé, ó sì ń bẹ lọ́kàn tèmi náà. Àwọn ajínigbé ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lóko ní ìhà wa, n kò sì ní sọ pé kí àlejò máa dá gun kẹ̀kẹ́ wọ igbó. Ọ̀nà tó bá súnmọ́ ìlú ni kí a kọ́kọ́ ṣí, kí a máa rìn ín lọ́sàn-án, lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, kí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú sì ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n á fi máa gbà á. Ní tèmi, igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbà mọ́ ló ń di ilé fún ọlọ́ṣà. Ibi tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, alájàpá àti ọdẹ bá ń kọjá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ kò ní rọrùn fún wọn láti fara pamọ́ sí.

Mo lọ wo ọ̀nà tí àwa àti bàbá mi ń gbà lóṣù tó kọjá, pẹ̀lú ọdẹ méjì. Igbó ti bo apá kan, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù ṣì ṣeé rìn, ìtì igi kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láyé ìgbà náà sì ṣì ń yí omi padà. Odò kékeré kan ṣoṣo ló dá wa dúró. Ìtì ọ̀pẹ méjì ni afárá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti jẹrà, èkejì ṣì le. Mo ti bá àwọn ọmọ adúgbò sọ̀rọ̀, wọ́n ṣetán láti gbé ìtì tuntun wá, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba ìbílẹ̀ wá yẹ bèbè odò náà wò kí a tó gbé e lé e, kí wọ́n sì wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí.