Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Kánádà nípa abẹ́rẹ́ Morẹ́nikẹ́

Ìsọ̀kùn,
Iléṣà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àárò rẹ ń sọ mí. Mo rí Màámi rẹ ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà, ara wọn le, wọ́n ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ Morẹ́nikẹ́ ni mo fẹ́ dé tààrà. O ní Morẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ, ọmọ ọdún 7, ti ń yọ ọmú, dókítà sì fẹ́ máa fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa dá ìbàlágà náà dúró, ṣùgbọ́n o rí i kà pé irú kẹ́míkà tó ń mú ọmọ bàlágà gan-an ló wà nínú rẹ̀. Kò sí abiyamọ tí ìyẹn ò ní já láyà. Síbẹ̀, gba abẹ́rẹ́ náà fún un. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé, ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi náà ni.

Ọpọlọ ló ń pàṣẹ ìbàlágà. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọn ò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Àwọn ló ń tú GnRH jáde, kẹ́míkà tí irú rẹ̀ wà nínú abẹ́rẹ́ náà. GnRH á ta pituitary, ẹ̀yà kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ, lólobó, pituitary á tú họ́mọ̀nù méjì, LH àti FSH, sínú ẹ̀jẹ̀, ìgbà náà ni ilé ẹyin á tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan nígbà tí ọmọ wà ní jòjòló, kí ọpọlọ tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Jálẹ̀ ìgbà èwe, kẹ́míkà inú ọpọlọ kan tó ń jẹ́ GABA wà lára ohun tó ń dá wọn dúró. Tí àkókò bá tó, GABA á dẹwọ́, àwọn kẹ́míkà ọpọlọ méjì mìíràn á wọlé: glutamate á máa tì wọ́n, kisspeptin á sì jí wọn. Lọ́dún 2003 ni wọ́n rí i pé ẹni tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò bá lè gbọ́ ohun tí kisspeptin ń wí kì í bàlágà fúnra rẹ̀. Òru, nígbà tí ọmọ bá ti sùn, ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, GnRH kì í jáde láìdáwọ́dúró. Á jáde, á dúró, á tún jáde. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Ernst Knobil, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, fi àwọn ọ̀bọ tí ọpọlọ wọn kò lè ṣe GnRH mọ́ dán an wò, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1978: tí wọ́n bá fún wọn ní GnRH lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, LH àti FSH ń jáde, tó bá ń wọlé ṣáá láìsinmi, méjèèjì á lọ sílẹ̀. Bí onílù bá tẹ ọwọ́ mọ́ awọ ìlù tí kò gbé e kúrò, ṣé ìlù á dún? Abẹ́rẹ́ Morẹ́nikẹ́ ni ọwọ́ tí kò kúrò yẹn, torí kì í dáwọ́ dúró bíi GnRH ti ara. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ó lè jọ pé nǹkan ń pọ̀ sí i, ó tiẹ̀ lè rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Sọ ọ́ fún dókítà, ṣùgbọ́n má fòyà. Lẹ́yìn náà pituitary á dákẹ́. Nígbà tí wọ́n bá dá abẹ́rẹ́ dúró, ìbàlágà á tún gbéra.

Egungun ló jẹ mí lógún jù. Họ́mọ̀nù tí ilé ẹyin ń tú jáde nígbà ìbàlágà, tí abẹ́rẹ́ náà máa dá dúró, ń mú ọmọ ga kíákíá, ó sì ń mú kí egungun tètè ṣíwọ́ gígùn. Ọmọ tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lónìí lè wá kúrú tó bá dàgbà.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ tó ní ẹyin àti adìẹ tí o ń sè ló fà á, fi sùúrù bá Màmá sọ̀rọ̀. Lára àwọn ọmọbìnrin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í rí ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2013, wọ́n rí i pé bí jíìnì kan tó ń jẹ́ MKRN3 bá bàjẹ́, ó lè mú ìbàlágà yá, ìyẹn tí ọmọ bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá. Nítorí náà, bá mi bi ọkọ rẹ bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wọn tètè bàlágà, kí o sì sọ ọ́ fún dókítà. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, má kọ̀.

Kọ̀wé sí mi tí ó bá ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Bá mi gbá Morẹ́nikẹ́ mọ́ra.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọláṣadé