Òdòdó Nìkan Kò Tó: Oyin Ìbílẹ̀ Ń Wá Ilé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Láti 2018 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń ṣe Ọjọ́ Oyin ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, ìmọ̀ràn méjì ni àwọn ìwé ìròyìn máa ń tẹ̀ jáde bí ọjọ́ náà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀: ẹ gbin òdòdó, ẹ gbé àpótí oyin kalẹ̀. Ti àkọ́kọ́ dára, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Èkejì kò ran àwọn kòkòrò ìbílẹ̀ tó ń gbé àtíkè òdòdó kiri lọ́wọ́, ó tiẹ̀ lè pa wọ́n lára.

Irú oyin tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ káàkiri ayé lé ní 20,000. Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀, tó ń gbé inú afárá pẹ̀lú ọbabìnrin, kò tó nǹkan láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn yòókù ló jẹ́ adágbé: abo kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ilé tirẹ̀, ó ń wá oúnjẹ ọmọ tirẹ̀, kò sì ní oyin nípamọ́ tó ń ṣọ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yá a lára láti ta èèyàn. Bí a bá kó oríṣi mẹ́wàá jọ nínú àwọn tó ń kọ́lé fúnra wọn, nǹkan bíi méje ló ń gbẹ́ inú ilẹ̀. Àwọn tó kù ń wọ inú pòròpórò gbígbẹ tàbí ihò tí kòkòrò mìíràn ti lu sára igi, àwọn kan sì ń fi ẹnu ara wọn gbẹ́ igi. Nítorí náà, àdúgbò tó gbin òdòdó yí ká, tó wá da kọnkéré, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èèpo igi bo gbogbo ilẹ̀ tó kù, àlejò ló pè síbi àsè tó tún tilẹ̀kùn mọ́ síta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ilé èèrà ni: òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kékeré, ihò roboto kan láàárín rẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ìdí pẹ́ńsù lọ. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé èèrà máa ń tò wọlé tò jáde láìdáwọ́ dúró, àmọ́ ẹnu ihò oyin lè dá páropáro fún ìgbà díẹ̀ kí orí kan tó yọ, kó wo ọ̀tún wo òsì, kó sì fò lọ. Bó bá padà, àtíkè òdòdó á ti kún irun ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn fọ́fọ́. Yàrá kéékèèké ló wà nísàlẹ̀ ihò yẹn. Ìyá á po àtíkè mọ́ omi dídùn inú òdòdó, á fi ṣù oúnjẹ kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan, á yé ẹyin kan lé e, á dí i pa, á bọ́ sí òmíràn. Kò ní pẹ́ tí ìyá á fi kú. Ọmọ á wà nínú ilẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà títí àsìkò òdòdó yẹn á fi tún yí po lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wá túlẹ̀ ibẹ̀ ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, nítorí pé kò rí oyin kankan mọ́, gbogbo ìran tó ń bọ̀ ló fi ọkọ́ gé.

Ibi tí ẹ ó fi sílẹ̀ fún wọn kò ní láti tóbi. Mítà kan níbùú lóròó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn máa pa á fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí omi má sì dúró lójú ibẹ̀. Ibi tó dagun díẹ̀ tó kọjú sí oòrùn ló dára jù. Ẹ fi ọwọ́ fa koríko ibẹ̀ tu, kó ṣẹ́ ku gátagàta. Ẹ má ro ó, ẹ má sì da iyẹ̀pẹ̀ ọlọ́ràá lé e, nítorí ihò kì í dúró nínú iyẹ̀pẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Bí ihò bá ti yọ, ẹ ri igi kéékèèké yí i ká kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé koríko lè rí i. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù ni ẹni tó gbé omi gbígbóná tàbí kẹrosíìnì wá torí ó pè é ní ilé èèrà. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí koríko lójoojúmọ́ ló tẹ̀ lé e: bí ilẹ̀ bá ń rin gbingbin nígbà gbogbo, oúnjẹ ọmọ á bu nínú yàrá.

Ti àwọn tó ń wọ inú pòròpórò rọrùn, ó kàn gba sùúrù ni. Bí òdòdó bá ti gbẹ lórí ìdí, ẹ má fà á tu, ẹ má dáná sun ún. Ẹ gé e ku sẹ̀ǹtímítà 20 sí 60, kí wọ́n má ṣe ga bákan náà. Ojú ibi tí ẹ gé yẹn ni oyin máa ń gbà wọlé, pàápàá bí àárín rẹ̀ bá ṣófo tàbí tó rọ̀. Àwọn tó wọlé lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ ni ọmọ wọn yóò jáde, nítorí náà ẹ jẹ́ kó dúró títí yóò fi wó fúnra rẹ̀. Ewé tuntun á ti hù bò ó. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe kòkòrò ló máa ń dá iṣẹ́ yìí dúró, aládùúgbò tó ń bínú pé ọgbà ti di igbó ni. Ẹ gé koríko etí ọ̀nà mọ́ ní ìwọ̀n ààbọ̀ mítà, kí ẹ ri pátákó kan mọ́lẹ̀ tó sọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹjọ́ á dínkù.

Ilé onígi tí wọ́n lu nihò fún oyin, tí wọ́n ń tà lọ́jà, ló ṣòro fún wa láti yìn. Púpọ̀ nínú wọn kúrú jù. Ìyá oyin máa ń yé ẹyin tó máa di abo sí ìsàlẹ̀ ihò lọ́hùn-ún, á wá yé ti akọ sí itòsí ẹnu ọ̀nà. Bí ihò bá kúrú, akọ ni yóò pọ̀ jù, akọ kì í sì í kọ́lé. Ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 sókè gbọ́dọ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Àwọn tó tín-ínrín ju bẹ́ẹ̀ lè jìn ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí 12. Kí fífẹ̀ wọn wà láàárín mìlímítà 3 sí 10, kó má jẹ́ ọ̀kan náà, torí oyin kò tóbi dọ́gba. Kí ẹ̀yìn ihò dí. Bó bá jẹ́ ọparun, ẹ gé e sí ìsàlẹ̀ oríkèé, oríkèé yẹn ni yóò dí i. Bó bá jẹ́ igi, kó jẹ́ èyí tí wọn kò fi oògùn ikán pa, kí ẹ sì ha ẹnu ihò rẹ̀ kó jọ̀lọ̀, nítorí ẹ̀rún igi tó yọ ṣónṣó máa ń fa ìyẹ́ oyin ya. Ẹ má lo ike: inú rẹ̀ máa ń làágùn, ohun gbogbo á sì bu.

Ẹ kàn án mọ́ ògiri tàbí òpó tí kò mì, ní gíga mítà kan sí méjì, kó kọjú sí oòrùn òwúrọ̀, kí òrùlé rẹ̀ yọ síwájú díẹ̀. Ẹ má so ó rọ̀. Kékeré mẹ́rin káàkiri sàn ju ńlá kan lọ, torí ibi tí oyin bá kóra jọ sí lójú kan ni agbọ́n tó ń yé ẹyin lé ọmọ olọ́mọ ti ń rí jẹ. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé àtijọ́ sínú àpótí tó ṣókùnkùn, ẹ lu ihò kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan sí i, ẹ gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ á tọ ìmọ́lẹ̀ jáde, kò ní fẹ́ padà sínú òkùnkùn. Ẹni tí kò bá ráyè ìtọ́jú yìí, kó má gbé e kọ́ rárá. Pòròpórò inú ọgbà kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni.

Àpótí oyin wá ńkọ́? Ọ̀sìn ni oyin inú àpótí. Bó ti wù kó pọ̀ tó, kò sọ fún wa bí nǹkan ṣe ń lọ fún àwọn tí kò ní olówó. Àwọn onímọ̀ nípa oyin méjì, James Cane àti Vincent Tepedino, ṣírò rẹ̀ ní 2017 pé àtíkè òdòdó tí agbo oyin kan tó lágbára ń kó láàárín oṣù mẹ́ta tó láti fi tọ́ ọmọ 100,000 fún oyin adágbé. Orí òdòdó kan náà ni wọ́n sì ti ń kó àrùn ran ara wọn. Kì í tún ṣe gbogbo iṣẹ́ ni oyin àpótí lè ṣe: àtíkè òdòdó tòmátì há mọ́ inú, oyin gbọ́dọ̀ dì í mú kó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kó tó tú jáde dáadáa. Oyin àpótí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn oyin dúdú ńlá tó ń lu igi mọ̀ ọ́n ṣe. A kò bá ẹni tó ń sin oyin jà. Kí wọ́n ṣáà má fi owó tí àdúgbò dá fún kòkòrò ìbílẹ̀ ra àpótí.

Lórí òdòdó, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Ẹ yan irúgbìn ilẹ̀ ibi tí ẹ wà, ó kéré tán oríṣi mẹ́ta tó ń tanná ní àsìkò kọ̀ọ̀kan, kí oríṣi kọ̀ọ̀kan ṣù jọ tó mítà kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọ̀gbìn bóyá ó ti lo oògùn apakòkòrò bíi imidacloprid, clothianidin tàbí thiamethoxam sí i. Àwọn oògùn wọ̀nyí máa ń gba inú gbòǹgbò dé inú àtíkè. Ìyẹn ló mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de lílo wọn ní ìta gbangba ní 2018. Àwọn oyin kéékèèké kì í sábà lọ ju mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan sí ilé wọn, nítorí náà ọgbà ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbé wọn ró. Àfi kí òdòdó àti ilẹ̀ tí a kò bò máa tẹ̀ lé ara wọn láti ojúlé dé ojúlé.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àdúgbò. Oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fín káàkiri kò mọ ẹ̀fọn yàtọ̀ sí oyin. Kí wọ́n kọ́kọ́ máa da omi tó dúró sínú táyà, garawa àti gọ́tà nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹyin ẹ̀fọn ti ń pa. Bí fífín bá di dandan, kó jẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, kó má kan òdòdó. Kí wọ́n sì lẹ orúkọ oògùn, ọjọ́ àti wákàtí mọ́ ibi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ ìyẹn sójú ìwé yín kí àsìkò fífín tó dé.

Àwa òǹkàwé yín