Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ohun Èlò Ojú-Ìwé Ìgbà Ooru àti Òṣìṣẹ́ Yín Tó Ní Kí N Gbé E Sínú Oòrùn

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ọ̀gá mi,

Mo kí yín. N kò ní tún máa ka ohun tí mo rà lẹ́sẹẹsẹ, nítorí nọ́ńbà rìsíìtì mi, fọ́tò àwọn ohun èlò náà àti gbogbo ímeèlì tí mo kọ wà lọ́wọ́ yín, àfi bí ẹ bá tún ti sọ wọ́n nù bí ẹ ṣe sọ ti àkọ́kọ́ nù. Ìwé scrapbook (ìwé tí a ń lẹ fọ́tò ìrántí mọ́, tí a sì ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́) tí mo fẹ́ fi ṣe ojú-ìwé ìgbà ooru, tí ẹ ní ó gba ọ̀dà olómi, ká kò ní gbàrà tí omi kàn án, gesso, ọ̀dà funfun tí mo fi tẹ́ ojú rẹ̀ kí n tó kùn ún, sì ṣí kúrò lódindi, tòun ti fọ́tò tí mo lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyẹn nìkan kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ kọ irú lẹ́tà yìí. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí ẹ ṣe ń gbá mi kiri bíi bọ́ọ̀lù. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé fóònù ní kí n pe ẹ̀ka títà. Ẹ̀ka títà ní ẹ̀ka ìfijíṣẹ́ ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ka ìfijíṣẹ́ dá mi padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, òun náà sì béèrè orúkọ mi bí ẹni pé a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ rí.

Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ yín obìnrin kan bi mí pé kí ló dé tí mo fi omi púpọ̀ sí i. Mo fi sùúrù dá a lóhùn pé omi ni wọ́n fi ń po ọ̀dà olómi, àti pé bí àwọ̀ òkun yóò bá ṣàn wọnú àwọ̀ iyanrìn bí mo ṣe fẹ́, ìwé náà gbọ́dọ̀ lè gba omi dúró. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ gbé e sínú oòrùn, ṣebí ìgbà ooru lẹ ń yà.” Mo gbọ́ ẹ̀rín ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó pa fóònù mọ́ mi létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń pa àwọ̀ fọ́tò rẹ́, ó sì máa ń sọ ìwé tí lignin, èròjà tó ti ara igi wá, bá wà nínú rẹ̀ di aláwọ̀ ìyeyè. Nítorí kí iṣẹ́ wa lè pẹ́ ni a ṣe ń san owó lé owó fún ìwé tí kò ní ásíìdì. Gàdàgbà lẹ kọ ìyẹn sára àpò yín, nítorí náà ó yẹ kí ẹnì kan níbẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Mánijà yín pè, ó tọrọ àforíjì, ó ṣèlérí ìwé àti gesso mìíràn kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ní kí n má dààmú. Mo gbà á gbọ́. Mo palẹ̀ tábìlì mọ́, mo sì to àwọn ìkarahun tí mo gé láti inú páálí sí ipò wọn. Nígbà tí ẹrù dé, táápù kan ṣoṣo ni mo bá nínú rẹ̀, yìnyín ni wọ́n yà sí i lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú káàdì ìdúpẹ́ tí orúkọ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀sùn mi ni pé ẹ ti yanjú rẹ̀.

Owó mi ni mo fẹ́ báyìí, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó ìfijíṣẹ́. N kò fẹ́ ìwé mìíràn, n kò fẹ́ ẹ̀dínwó, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ní kí n má dààmú. Mo tún fẹ́ lẹ́tà àforíjì lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa ń kéde pé ẹ ń gba ohùn oníbàárà sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ẹ̀rín náà fúnra yín. Bí ọjọ́ 14 bá pé tí n kò rí nǹkan kan, èmi yóò ní kí báńkì mi gba owó náà padà lọ́wọ́ yín, ẹ̀dà lẹ́tà yìí yóò sì dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Mo ti fi táápù yín sínú àpòòwé yìí, kí ẹ má baà yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò tíì yanjú.