Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ kọ _repr_html_

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka kóòdù tí o fi ránṣẹ́ sí mi lánàá. Class Python tuntun rẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ orúkọ object náà sí ìparí cell (àpótí tí a ń kọ kóòdù sí nínú notebook Jupyter) tí mo sì tẹ Shift pẹ̀lú Enter, orúkọ class náà àti nọ́ńbà gígùn kan tó ń tọ́ka sí ibi tó wà nínú mẹ́mórì nìkan ni notebook gbé síwájú mi. O ní o fẹ́ fi HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ewé ayélujára, ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ gbọ́ mi kí o tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, mo sì ti ṣe àṣìṣe tó ká mi lára nínú rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. IPython, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kóòdù Python fún notebook, yóò wò ó bóyá object náà ní method (function tó wà nínú class) tó ń jẹ́ _repr_html_. Bí ó bá ní i, yóò pè é, yóò gba HTML tó bá dá padà, yóò tún gba ọ̀rọ̀ lásán láti ọ̀dọ̀ __repr__, method tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe object, yóò sì fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀ kí ohun èlò tó ń gbà á lè mú èyí tó bá lè fi hàn. Nítorí náà, má ṣe pa __repr__ tì, torí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú terminal kò ní rí HTML rẹ rárá.

Nígbà kan, mo kọ class kan fún dátà ńlá tó wà káàkiri nínú ọ̀pọ̀ fáìlì, mo sì fẹ́ kí àtẹ rẹ̀ máa fi iye tó kéré jù, iye tó pọ̀ jù àti ìpíndọ́gba hàn fún òpó kọ̀ọ̀kan. Lórí dátà kékeré tí mo fi dán an wò, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣí dátà tó ju mẹ́mórì kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ, ó kọ orúkọ object náà sí cell láti mọ orúkọ àwọn òpó rẹ̀, kernel rẹ̀ (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kóòdù náà) sì kú pẹ̀lú gbogbo ìṣirò tó ti ń ṣe láti òwúrọ̀. Ohun tó sọ fún mi kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ̀gbọ́n, mo kàn fẹ́ wò ó ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ẹni tó kọ orúkọ object sí ìparí cell kò bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe ìṣirò, ó fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun ni. Ìlà mélòó, òpó mélòó, kí ni orúkọ wọn, irú dátà wo ni, báwo ni ó ṣe tóbi tó? Gbogbo èyí ni object rẹ ti mọ̀ láìka fáìlì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni Dask, ohun èlò Python fún dátà ńlá, ṣe ń ṣe é: ó ya àwòrán bí a ṣe pín array (àkójọ nọ́ńbà) sí wẹ́wẹ́, ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì ṣí dátà náà rárá.

Bí o bá fẹ́ fi díẹ̀ hàn nínú dátà fúnra rẹ̀, sọ fún ènìyàn pé díẹ̀ ni. Bí àtẹ pandas, ohun èlò Python fún àtẹ dátà, bá ju ìlà 60 lọ, ìlà 5 àkọ́kọ́ àti 5 ìkẹyìn ni yóò fi hàn, yóò sì kọ iye gbogbo ìlà àti òpó sí ìsàlẹ̀. Ìlà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn ni mo mọyì jù lọ nínú gbogbo àtẹ náà.

Ohun kan wà tó máa ń purọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò máa ń kọ <LOD nígbà tí ohun tí wọ́n ń wọ̀n bá kéré ju èyí tí ẹ̀rọ lè rí lọ. Bí o bá gbé e sáàárín <td> àti </td> bẹ́ẹ̀, ìyẹn àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àpótí kan nínú àtẹ HTML, browser yóò rò pé tag (irú àmì HTML bẹ́ẹ̀) ni, yóò gbé e mì, ojú ibẹ̀ yóò sì ṣófo gbáú. Ẹni tó ń wò ó yóò gbà pé wọn kò wọn nǹkan kan. Fi html.escape, function Python tó ń jẹ́ kí irú àmì bẹ́ẹ̀ hàn bí ọ̀rọ̀ lásán, kọjá lára gbogbo ohun tó bá wá láti inú dátà, títí kan orúkọ òpó. Èyí náà ni kò ní jẹ́ kí script (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú browser) tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sínú dátà ṣiṣẹ́ lójú ewé ẹni tó ń wò ó.

Ní ti CSS, èdè tó ń pinnu ìrísí ojú ewé, rántí pé ojú ewé kan náà ni gbogbo cell ń gbé. Bí o bá kọ òfin fún td lásán, àtẹ àwọn ẹlòmíràn náà yóò yí padà, nítorí náà fi orúkọ class CSS tìrẹ ṣíwájú òfin kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ń lo id, orúkọ tó yẹ kó jẹ́ ti ohun kan ṣoṣo lójú ewé, ṣe tuntun nígbà gbogbo, torí pé ènìyàn lè fi object kan náà hàn lẹ́ẹ̀mejì. Má lo JavaScript fún ohun tí ènìyàn fẹ́ tẹ̀ kó ṣí, àwọn tag HTML <details> àti <summary> ti tó. Jupyter máa ń gba script àti style kúrò nínú notebook tí ẹni tó ṣí i kò tíì sọ pé òun fọkàn tán. Ohun tí xarray, ohun èlò Python mìíràn fún dátà, ṣe sí èyí wú mi lórí: ó fi ọ̀rọ̀ lásán sínú HTML rẹ̀, ó sì fi CSS pa á mọ́, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá yọ CSS náà kúrò, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò hàn dípò HTML tó ti dàrú.

Kọ tìrẹ kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi yóò dán an wò pẹ̀lú àtẹ tí kò ní ìlà kankan, pẹ̀lú òpó tó ń jẹ́ <LOD, àti pẹ̀lú dátà tó ju mẹ́mórì kọ̀ǹpútà mi lọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.