Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: bébà ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin yẹn kì í ṣe owó o

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú àdúrótì. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò bébà àtijọ́ kan tó jọ owó tí mo ń tà síta ni fóònù mi ò ti sinmi, àwọn kan ń bi mí pé ṣé Bank of England, báǹkì tó ń tẹ owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á pààrọ̀ ẹ̀, àwọn míì ní ṣé ayédèrú owó ni mo wá ń tà báyìí. Èmi ni mo jẹ̀bi, "note", tí wọ́n tún máa ń pe owó bébà, nìkan ni mo kọ sábẹ́ ẹ̀. Ẹ má bínú.

Ìwé ìpolówó ni. Láyé àwọn ọba George nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan nínú àwọn tó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó ń kó èrò máa ń tẹ hándíbíìlì tó jọ owó bébà. Owó ìgbà yẹn, ojú kan ni wọ́n ń tẹ̀, íńkì dúdú lórí bébà funfun, wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn ṣèlérí láti san iye báyìí fẹ́ni tó bá mú un wá. Ọlọ́kọ̀ á wá fi ìlérí tiẹ̀ síbẹ̀, pé òun á gbé yín dé ìlú báyìí, iye báyìí lẹ máa san tẹ́ẹ bá jókòó sínú, ti orí ọkọ̀ níta sì dínwó torí òjò àti òtútù, á wá fi orúkọ ara ẹ̀ síbi tí òṣìṣẹ́ báǹkì máa ń sáìn sí. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an ni, torí ta ló máa rí owó nílẹ̀ tí ò ní bẹ̀rẹ̀ mú un?

Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn le o. Lọ́dún 1797 ni Bank of England dáwọ́ wúrà tí wọ́n ń fi pààrọ̀ bébà dúró, ni wọ́n bá tẹ owó pọ́n-ùn kan àti méjì, tálákà tí ò mọ̀wé náà wá ń fi bébà nájà. Ayédèrú pọ̀ lọ rẹpẹtẹ, nígbà tó fi máa di 1821 wọ́n ti yẹgi fún èèyàn tó lé ní 300, títí kan àwọn obìnrin tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kàn ná an lọ́jà, ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Àwọn oníjìbìtì sì máa ń fi irú bébà ìpolówó báyìí gbá ẹni tí ò lè kà á.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ gbé e sójú fèrèsé. Láti 1801 ni owó báǹkì gangan ti ní ìlà tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ nínú ara bébà, tiwa yìí ò ní nǹkan kan. Owó gidi, bó ti wù kó gbó tó, Bank of England ṣì máa san án. Èyí, ẹnì kankan ò ní san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀ ní báǹkì, ìtàn ara ẹ̀ lẹ ń rà.

Mo ti tún àkọlé ẹ̀ kọ. Ẹni tó bá ti sanwó tó sì rò pé owó lòun rà, kó kọ̀wé sí mi, màá dá gbogbo ẹ̀ padà.