Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí Ẹ Ò Fi Ní Rí "Jẹjẹrẹ" Lára Ìgò Wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

A kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ ò fi wá sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi fọ́tò ìgò oògùn ewé kan ránṣẹ́ sí mi. Ìgò wa ni, ìdérí wa ni, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kì í ṣe tiwa. Ẹnì kan tó ń rajà lọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa ló ṣí tiwa kúrò, tó wá kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé: "Ó ń wo jẹjẹrẹ sàn." Ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ ò tiẹ̀ bínú sí onítọ̀hún. Àwa ló ń bi pé, bó bá ń wò ó, kí ló dé tí a fi ń fi í pamọ́? A ò tajà fún oníṣòwò yẹn mọ́. Àmọ́ ìbéèrè náà nílò ìdáhùn, torí kì í ṣe ẹnì kan péré ló ti bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí.

Ewé ń jẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò mọ ibi tí oògùn ilé ìwòsàn ti wá. Ẹ wo òdòdó periwinkle ti Madagásíkà. Àwọn ènìyàn ń sè é mu fún àtọ̀gbẹ, ìyẹn ló mú kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Kánádà, Robert Noble àti Charles Beer, máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fún eku mu, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku ò yí padà. Ìgbà tí wọ́n gún un fún eku lábẹ́rẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun ló ń ya wèrè tó ń pọ̀ sí i, ni wọ́n bá rí ojú ọ̀nà. Lọ́dún 1958 ni wọ́n kéde èròjà kan tí wọ́n rí nínú rẹ̀, vinblastine, vincristine tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń lò ó títí dòní fún àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.

Ibí ni àwọn tó ń tajà máa ń dá ìtàn yìí dúró sí. Èyí tó kù ló kan ẹni tó di ìgò mú. Nǹkan bí kílò 500 ewé gbígbẹ ló ń lọ sí i kí giramu 1 vinblastine tó jáde. Ewé kún yàrá, èròjà ò kún ṣíbí. Vincristine tún ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n, torí bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn lè kú tipiri. Ẹni tó ń se ewé náà mu ò lè mọ iye èròjà tó wọlé: lónìí ó lè má ṣe nǹkan kan, lọ́la ó lè di májèlé.

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ewé ò kù rárá. Ewé pọ̀ jù; ohun tí à ń wá nínú rẹ̀ ló kéré.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá iṣẹ́ wa. Ewé tí a bá já, a ó ṣà á, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì sá a sábẹ́ òjìji, torí oòrùn gangan ń ba àwọn èròjà kan jẹ́. Bó bá gbẹ débi pé ó ń rún lọ́wọ́, a ó lọ̀ ọ́. (Àpò méjì bu mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá torí pé a kánjú dì í. A dà á nù, ó dùn wá.) Lẹ́yìn náà ni a ó rẹ ẹ́ sínú ọtí líle tí a pò mọ́ omi, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, à ń rò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Omi nìkan ò tó. Àwọn èròjà tó sún mọ́ ọ̀rá ò ní dá omi lóhùn. Ọtí ló ń mú díẹ̀ níhìn-ín, tó ń mú díẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nígbà tí a bá sẹ́ ẹ tán, ó di ti ẹ̀rọ. Ìgò rògòdò kan á máa yí nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀rọ á máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ọtí lè hó láìjẹ́ pé ooru sun èròjà. Ọtí á gba ìgò kejì lọ. Ohun tó kù á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó dúdú, ó ń fà bí oyin, ó sì ń rùn bí koríko tí òjò pa tí oòrùn tún wá pa. Nínú kílò 1 ewé gbígbẹ, lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í rí tó giramu 100.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa parí sí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àwọn tó ń wá oògùn jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ohun dúdú yẹn, èròjà tó wà níbẹ̀ lè ju ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa: ṣúgà, ọ̀rá, àwọ̀ ewé, ohun tó ń korò, ohun tó ń pani. Wọ́n á pín in, wọ́n á kán ìpín kọ̀ọ̀kan sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo kékeré, èyí tó bá pa á ni wọ́n á tún pín, títí á fi ku èròjà kan ṣoṣo. Eku ló kàn, lẹ́yìn eku, ènìyàn. Èèpo igi yew tí wọ́n bó ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962, ọdún 1971 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Monroe Wall àti Mansukh Wani tó kéde bí èròjà inú rẹ̀, paclitaxel, ṣe rí. Ó di 1992 kí ìjọba ibẹ̀ tó fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ibi ẹyin obìnrin. Ọgbọ̀n ọdún! Àwa ń rẹ ewé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nítorí náà, bí ẹ bá kà á pé ewé báyìí "pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú lábù", ẹ má tíì máa jó. Ọtí tí a fi rẹ ewé náà á pa á. Ọṣẹ ìfọṣọ á pa á. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kó pa á, kó má pa ẹni tó ni ín lára.

Ìyá kan kọ̀wé sí wa pé òun ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ lọ́wọ́, òun sì ń mu àgbo oríṣi márùn-ún mọ́ ọn, òun ò sọ fún dókítà kó má baà jágbe mọ́ òun. Ọkàn mi ò balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ wò ó: irinotecan, oògùn jẹjẹrẹ ìfun, èròjà inú igi kan tó ń hù ní Ṣáínà ni wọ́n ṣe é láti ara rẹ̀. Ewé mìíràn wà, St John's wort, tí àwọn ènìyàn ń mu nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀, agbára irinotecan á dín kù lára rẹ̀, torí ewé yẹn ń mú kí ara tètè tú oògùn náà ká. Ewé ń ba iṣẹ́ igi jẹ́. Amygdalin inú kóró èso apricot ńkọ́, tí wọ́n ti pariwo rẹ̀ tó pé ó ń wo jẹjẹrẹ? Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 178, àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1982: kò wo jẹjẹrẹ, cyanide, májèlé tó ń pani, sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nínú wọn débi tó ń bani lẹ́rù.

A mọ̀ pé ìwé yìí lè lé àwọn kan lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Láti ìsinsìnyí, ohun tí ẹ máa rí lára ìgò wa ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe ewé náà, ibi tí a lò lára igi (ewé, èèpo tàbí gbòǹgbò), iye ọtí tó lọ sí i, ọjọ́ tí a já a, àti nọ́ńbà ìpele tí a ṣe é. Orúkọ àìsàn kankan ò ní sí níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìgò wa tó gbé irú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ bá sì ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹ gbé ìgò náà lọ fi han dókítà tàbí apòògùn yín kí ẹ tó fi kan ẹnu. Bí wọ́n bá ní ẹ má mu ún, ẹ gbé e padà wá. Ì báà jẹ́ pé ẹ ti ṣí i, owó yín á pé lọ́wọ́ yín.

Èmi ni tiyín,
Olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà