Ẹ yé fa gọ́ọ̀sì gbígbẹ tu lójú egbò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti di egbò tí mi ò lè kà tán. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló là mí lójú.

Ìtòkú ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà, bàtà wá há wọn lẹ́sẹ̀ títí ó fi degbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀. Níbi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀, gọ́ọ̀sì gbígbẹ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń fi dì í. Bó bá di ọjọ́ kejì, gọ́ọ̀sì á ti gan mọ́ ojú egbò. Bí wọ́n bá fà á, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á di apá àga mú, wọ́n á máa pe ìyá wa tó ti kú. Ó dùn mí dọ́kàn, torí èmi náà ti fa gọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lára ọmọ ọlọ́mọ, ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni mo ń já dànù.

Ọmọ wọn ló mú páálí kan bọ̀ láti Ìlú Ọba. Ohun inú rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí òwú. Alginate ni, ara koríko òkun ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Stanford, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Scotland, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1881. Kálísíọ́ọ̀mù wà nínú òwú yìí. Bó bá kan omi egbò, sódíọ́ọ̀mù inú omi náà á gba ipò kálísíọ́ọ̀mù, òwú á sì di ohun tó ń yọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ó lè fa omi tó ìlọ́po 15 sí 20 ìwọ̀n ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo da omi iyọ̀ sí i, ó yọ́ bọ́ sínú abọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò mi, o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Láti 1962 ni George Winter, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti fi ara ẹlẹ́dẹ̀ hàn pé egbò tí a fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò kó má gbẹ máa ń yá jinná ju èyí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lọ. Àwa ṣì ń sọ pé "jẹ́ kó gbẹ", a sì ń tú ìyẹ̀fun kápúsù sójú egbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kápúsù sílẹ̀. Egbò tó ń ṣomi ni alginate wà fún o, kì í ṣe èyí tó gbẹ, kò sì gba ipò oògùn àtọ̀gbẹ.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn pàápàá ń lo alginate. Wọ́n á pò ó mọ́ oògùn, wọ́n á kán an sínú omi kálísíọ́ọ̀mù, á di hóró wínníwínní bí tápíókà. Ásíìdì inú ikùn kì í tètè tú u. Inú ìfun ló ti ń wú, tó sì ń tú oògùn sílẹ̀.

Nígbà tí tiwa ń tán lọ, mo wá a láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni mo ti rí i, owó ẹyọ kan sì ju owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lọ nílé wa. Mo bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n fi í kún ohun tí wọ́n ń rà fún ilé ìwòsàn wọn. Láti 2011 ni koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń ya wọ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ń dí àwọ̀n àwọn apẹja, alginate sì wà lára rẹ̀. Májèlé arsenic náà wà lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣà á di egbò! Ṣé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Ọ̀gbìn wa níbí ò lè bá wa yẹ̀ ẹ́ wò?

Egbò ẹ̀gbọ́n mi ti jinná. Ẹyọ méjì ló ṣẹ́ kù nínú páálí; mo ti fi pamọ́ fún bàbá kan ládùúgbò wa, tí ẹsẹ̀ tiwọn ṣì ń ṣomi.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta